Kí Ni Ó Hù Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Iyùn Yìí?

 

Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí òun àti ẹbí rẹ̀ ń gbé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín. Ẹni tí ó bá mọ ọkùnrin náà dáadáa yóò mọ̀ pé, bí ó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, kò ní ìgbádùn mìíràn ju àpótí gíláàsì ńlá tí ó wà ní pálọ̀ rẹ̀ lọ. Omi iyọ̀ ni ó kún inú rẹ̀, iná aláwọ̀ búlúù ń tàn lórí rẹ̀, ẹja kéékèèké ń lúwẹ̀ẹ́ káàkiri, oríṣiríṣi iyùn ààyè sì wà lórí àwọn òkúta ìsàlẹ̀. Akuéríọ́mù ni wọ́n ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé owó iná àpótí náà tó owó ilé ìwé ọmọ kan. Àsọdùn ni, ṣùgbọ́n kò jìnnà púpọ̀ sí òótọ́.

Bí mo ti jókòó ni ọmọkùnrin wọn, tí kò tí ì pé ọdún mẹ́wàá, fà mí lọ́wọ́. Ó ní, "Àǹkù, ẹ wá wo nǹkan yìí. Kò sí níbẹ̀ nígbà Kérésìmesì." Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyùn kan, lórí òkúta, àwọn ohun kan hù tí ó dà bí bọ́tìnnì ẹ̀wù, àwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ní, irun wẹ́wẹ́ sì yí etí wọn ká. Wọ́n tó ogún. Mo bi bàbá rẹ̀ léèrè ohun tí ó jẹ́. Ó ní, "Èmi náà ò mọ̀ ọ́n o. Ó bá òkúta wá ni. Ní alẹ́ yìí ni n ó gbé òkúta náà jáde, n ó da omi gbígbóná kẹ́tùrù kan lé e lórí, n ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì ha gbogbo rẹ̀ dànù."

Àyà mi já. Mo ní kí ó jọ̀wọ́, kí ó má ì ṣe é. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kí ló dé? Ṣé yóò gé mi jẹ ni?"

Ìdáhùn ìbéèrè yẹn gùn ju ohun tí ènìyàn lè sọ lórí ìdúró lọ. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ mi nìkan kọ́ ni ó ní irú àpótí bẹ́ẹ̀ nínú wa. Ìtàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti ara iyùn fúnra rẹ̀.

Ọmọdé yẹn ti bi mí léèrè bóyá iyùn inú àpótí bàbá òun ni iyùn tí ó wà ní ọrùn ìyá bàbá òun nínú fọ́tò ìgbéyàwó. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì tún ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdílé kan ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Iyùn pupa tí àwọn ọba àti àwọn ìyá wa ń so mọ́ ọrùn kò ti inú òkun tiwa wá. Etíkun tiwa, láti Àgbádárìgì títí dé Ìlàjẹ, iyanrìn àti ẹrẹ̀ ni ó pọ̀ níbẹ̀, odò àti ọ̀sà sì ń da omi aláìníyọ̀ sí i. Òkìtì iyùn kì í hù ní irú ibẹ̀. Òkun Mẹditaréníà ni iyùn pupa ti ń wá, ní etí ilẹ̀ Ítálì, Sàdíníà, Àlùjíríà àti Tùnísíà. Àwọn Potogí dé Ìbíní ní nǹkan bí ọdún 1485, nígbà tí ó sì yá, iyùn wà lára ọjà tí wọ́n ń kó wá sí etíkun wa. Títí di òní ni àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú Torre del Greco, lẹ́bàá Naples, ṣì ń gbẹ́ iyùn, tí àwọn oníṣòwò sì ń kó o wá sí Nàìjíríà.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé, ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń tà á tí a sì fi ń rà á, àti olùtà àti olùrà, kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí iyùn jẹ́. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ gbà pé ewéko rírọ̀ ni nínú omi, pé bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i ni ó ń di òkúta. Ní ọdún 1706, ọmọ Ítálì kan, Luigi Marsigli, fi iyùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ láti inú òkun sínú omi òkun tútù, ó sì rí òdòdó funfun tí ó là jáde lára rẹ̀, olójú mẹ́jọ mẹ́jọ. Inú rẹ̀ dùn. Ó kéde fún ayé pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé igi ni iyùn, òun sì ti rí òdòdó rẹ̀.

Dókítà ọmọ Marseille kan, Jean-André Peyssonnel, ni ó wá ṣe ohun tí ẹlòmíràn kò ṣe. Òun náà wo òdòdó wọ̀nyẹn lọ́dún 1723 sí 1725, ní Marseille àti ní etíkun Àríwá Áfíríkà, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n sá wọlé. Òdòdó wo ni í sá? Ó jẹ́ kí wọ́n kú, wọ́n sì rùn bí ẹja òkú ti ń rùn. Ó kọ̀wé sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Paris pé ẹranko ni wọ́n. Réaumur, tí ó jẹ́ ọ̀gá láàárín wọn, ka iṣẹ́ náà fún ẹgbẹ́ lọ́dún 1727, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, nítorí ó ní òun kò fẹ́ kí ojú ti ọkùnrin náà. Ẹ ò rí i bí àánú ṣe lè jẹ́ ìwọ̀sí! Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, nígbà tí Abraham Trembley ti fi hàn pé ẹ̀dá omi kékeré kan tí ó jọ ewéko jẹ́ ẹranko, kí Réaumur tó gbà nínú ìwé pé Peyssonnel ni ó jàre. Nígbà yẹn, Peyssonnel ti wà ní erékùṣù Guadeloupe, ó ń ṣe dókítà lọ ní tirẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí ó kọ́kọ́ hù tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nínú ìtàn yìí ni iyùn gan-an. Ẹranko ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹnu kéékèèké ni, tí wọ́n jọ kọ́ ilé òkúta kan. Ti ilẹ̀ olóoru tilẹ̀ tún ní ewé tíntìntín tí ń gbé nínú ẹran ara rẹ̀, tí ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ fún un. Ìdí nìyẹn tí iná búlúù ọ̀rẹ́ mi kò fi gbọdọ̀ kú lọ́sàn-án.

Báwo ni ẹ̀dá inú òkun ṣe wá di ẹrù pálọ̀? Obìnrin kan ni ó ṣáájú nínú rẹ̀. Anna Thynne, ìyàwó àlùfáà kan ní ilé ìsìn Westminster Abbey ní Lọ́ńdọ̀nù yìí, lọ sí Torquay lọ́dún 1846, ó sì rí iyùn kéékèèké ní etí òkun. Ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán wọn mọ́ kànrìnkàn òkun kí omi lè máa ráyè yí wọn ká, ó sì gbé wọn wá sílé nínú ìkòkò. Omi òkun kò pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí omi náà má baà bàjẹ́, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ń bù ú láti inú ohun èlò kan sí òmíràn níwájú fèrèsé tí ó ṣí sílẹ̀, fún ọgbọ̀n sí ìṣẹ́jú márùn-dín-láàádọ́ta, lójoojúmọ́. Ìwé kò dárúkọ ọmọ ọ̀dọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ afúnnilátẹ́gùn àkọ́kọ́. Lọ́dún tí ó tẹ̀lé e ni Thynne fi ewé òkun kún inú omi náà, ó sì rí i pé ewé ń bá òun tún omi ṣe. Philip Henry Gosse kọ ìwé rẹ̀ tí ó pè ní "The Aquarium" lọ́dún 1854, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ilé ẹja ní ọgbà ẹranko Regent's Park. Láti ìgbà náà ni àpótí gíláàsì ti di àṣà, tí gbogbo ènìyàn sì ń gbọ̀n etí òkun Gẹ̀ẹ́sì gbẹ.

N kò ní fi gbogbo ìtàn àpótí yín létí. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú. Lọ́dún 1961, ọkùnrin kan ní Jakarta, Lee Chin Eng, ṣàlàyé pé bí ènìyàn bá gbé òkúta láti inú òkun pẹ̀lú gbogbo ohun tí ń gbé lára rẹ̀ sínú àpótí, òkúta náà yóò máa tún omi ṣe fúnra rẹ̀. Òkúta ààyè ni wọ́n ń pè é lónìí, òun sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sin iyùn ń rà. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra òkúta ààyè ti ra àlejò tí kò mọ orúkọ wọn. Òmíràn nínú wọn á sùn nínú ihò òkúta fún oṣù mẹ́fà kí ó tó yọjú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ti àlejò tí ó jáde kúrò nínú àpótí.

Ní nǹkan bí ọdún 1980, ọgbà ẹranko Wilhelma ní ìlú Stuttgart, ní Jámánì, ní ewé òkun kan tí ó rẹwà púpọ̀. Caulerpa taxifolia ni orúkọ rẹ̀. Ó tutù yọ̀yọ̀, ó rí bí imọ̀ ọ̀pẹ kéékèèké tí wọ́n tò sórí okùn, kì í sì í kú bọ̀rọ̀. Nítorí pé ó rẹwà tí kò sì gba ìtọ́jú, àwọn ilé ẹja ń fi ta ara wọn lọ́rẹ. Ní ọdún 1982 ó dé Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Òkun ní Mònákò, ilé ńlá tí Ọmọ-ọba Albert Kìíní kọ́ sórí àpáta létí òkun gan-an, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1910.

Lọ́dún 1984 ni wọ́n rí i nínú òkun, lábẹ́ fèrèsé ilé náà. Kò ju mítà kan ní gígùn àti mítà kan ní ìbú lọ, ó kéré ju ẹní tí à ń jókòó sí lọ. Òmùwẹ̀ kan ìbá fi ọwọ́ fà á tu ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Wọn kò fà á. Ewé ilẹ̀ olóoru ni, wọ́n ní òtútù ìgbà òjò dídì yóò pa á. Òtútù kò pa á.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Alexandre Meinesz, ti yunifásítì Nice, lọ wò ó lábẹ́ omi lọ́dún 1989. Ohun tí ó rí lé ní hẹ́kítà kan, ìyẹn bí pápá bọ́ọ̀lù kan àti ààbọ̀. Kò sí ohun mìíràn tí ó ń hù níbẹ̀. Koríko òkun tí ẹja ń yé sí lábẹ́, ewé yìí ti bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní oró tirẹ̀ nínú, nítorí náà ọ̀pọ̀ ẹja ibẹ̀ kì í jẹ ẹ́. Bí ìdákọ̀ró ọkọ̀ tàbí àwọ̀n apẹja bá sì já a, ẹ̀já tí kò ju ìdajì ìka lọ yóò ta gbòǹgbò níbi tí ó bá bọ́ sí. Ìyanu rẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀, láti gbòǹgbò dé ewé. Nínú Mẹditaréníà, kì í so èso, jíjá ni ó fi ń bí sí i.

Meinesz kígbe. Ìgbà tí ó kígbe ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ewé náà gba odò Suez wá láti Òkun Pupa ni, àwọn mìíràn ní ewé ìbílẹ̀ Mẹditaréníà ni ó pa ara dà, àwọn olórí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà kò sì fẹ́ gbọ́ pé láti ọ̀dọ̀ wọn ni. Wọ́n ń ṣe ìpàdé, wọ́n ń yan ìgbìmọ̀, wọ́n ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwa tí a ti jókòó nínú ìpàdé ẹgbẹ́ rí. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1998, tí àwọn onímọ̀ fi àyẹ̀wò DNA hàn pé ewé inú òkun àti ewé inú àpótí àwọn ilé ẹja jẹ́ ọ̀kan náà, ewé ti lọ jìnnà. Ní ìparí ọdún 2000, ó ti wà ní etíkun orílẹ̀-èdè mẹ́fà: Mònákò, Faransé, Ítálì, Sípéènì, Kròéṣíà àti Tùnísíà. Ibi tí ó dé, bí a bá kó o pọ̀, tó 131 kìlómítà níbùú lóròó. Kékeré ni à ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà.

N kò fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni ju bí ó ti yẹ lọ. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e, ewé náà ti fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, pàápàá ní etíkun Faransé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ènìyàn ni ó lé e.

Àwọn ará Kalifóníà gbọ́ ìtàn yìí, wọ́n sì lò ó. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2000, àwọn òmùwẹ̀ tí ń yẹ koríko abẹ́ omi wò nínú ọ̀sà Agua Hedionda, lẹ́bàá ìlú Carlsbad, rí ewé kan tí wọn kò mọ̀. Wọn kò sọ pé "yóò kú fúnra rẹ̀." Wọ́n mú un fún àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Kò pé ọjọ́ mẹ́tàdínlógún tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀: wọ́n fi tapólì dúdú bo gbogbo ojú ibi tí ó wà, wọ́n fi àpò iyanrìn tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì da kílórìn sí abẹ́ rẹ̀. Wọ́n rí òmíràn ní Huntington Harbour, wọ́n ṣe é bákan náà. Òfin jáde lọ́dún 2001 pé irú Caulerpa mẹ́sàn-án kò gbọdọ̀ sí ní títà tàbí ní níní ní ìpínlẹ̀ náà. Ní ọdún 2006 ni wọ́n kéde pé ó ti tán pátápátá, owó tí ó ná wọn sì lé ní mílíọ̀nù dọ́là méje. Gbogbo àmì ni ó fi hàn pé àpótí ilé ẹnì kan ni ó ti wá. Ènìyàn kan da omi àpótí rẹ̀ nù, ó rò pé òun ń tún ilé ṣe.

Ọ̀rẹ́ mi gbọ́ títí dé ibí, ó ní, "Ó dára, n kò ní da omi mi sínú odò Thames. Ṣùgbọ́n kí ni ti kẹ́tùrù?"

Ti kẹ́tùrù, Hawaii ni ó wà.

Ní erékùṣù Maui, ní agbègbè Hana, àwọn àgbà ibẹ̀ ń pa ìtàn pé ọkùnrin abuké kan ń gbé láàárín wọn nígbà láéláé. Nígbàkígbà tí àwọn apẹja bá lọ sókun, ẹnì kan nínú wọn kì í padà bọ̀. Ìgbà tí ara wọn kò gbà á mọ́, wọ́n já aṣọ ẹ̀yìn ọkùnrin náà, wọ́n sì rí ẹnu ẹja ekurá pẹ̀lú eyín rẹ̀ ní ibi iké. Wọ́n pa á, wọ́n sun ún, wọ́n da eérú rẹ̀ sínú kòtò omi kan létí òkun. Láti ọjọ́ náà ni ohun tí ń hù nínú kòtò yẹn ti di olóró. Limu make o Hana ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni ewé òkun tí ń pani ní Hana. Àwọn jagunjagun a máa fi ra ẹnu ọ̀kọ̀. Èèwọ̀ ni ibẹ̀; ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ á rí ibi.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1961, àwọn onímọ̀ láti yunifásítì Hawaii dé ibẹ̀, wọ́n sì bù nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn gan-an ni iná jó ilé iṣẹ́ ìwádìí òkun tiwọn. Mo rò pé ilé wa ni wọn ìbá ti gbà pé kì í ṣe ojú lásán. Àwọn onímọ̀ náà kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti ṣẹlẹ̀, wọ́n sì tẹ̀síwájú.

Ohun tí wọ́n rí ni pé ewé kọ́ ni ewé Hana. Ẹranko ni, ìbátan iyùn: bọ́tìnnì kéékèèké tí irun wẹ́wẹ́ yí etí wọn ká. Palythoa toxica ni wọ́n sọ ọ́. Àṣìṣe kan náà tí Marsigli ṣe lọ́dún 1706 ni ó tún wáyé, ẹranko tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ewéko. Richard Moore àti Paul Scheuer yọ oró inú rẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dún 1971, wọ́n sì pè é ní palytoxin. Ó wà lára oró tí ó le jù lọ nínú gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá. Ó tó ọdún 1981 kí àwọn onímọ̀ ní Nagoya ní Jàpáàn àti ní Hawaii tó mọ bí ó ti so pọ̀. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí: ilẹ̀kùn kéékèèké wà lára sẹ́ẹ̀lì wa tí ń ti iyọ̀ jáde tí ń mú pòtáṣíọ̀mù wọlé, oró yìí á ki ẹsẹ̀ bọ ẹnu ilẹ̀kùn náà, kò sì ní í lè tì mọ́. Ọkàn àti iṣan ni ó kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo Palythoa ni ó ní oró tó ti Hana. Òmíràn kò tilẹ̀ ní rárá. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n sì máa ń bá òkúta ààyè wọ ilé. Ní ọdún 2007, ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan rí irú rẹ̀ tí ó ń hù sórí òkúta nínú àpótí rẹ̀, ó sì da omi gbígbóná lé e lórí láti pa á. Ooru omi náà ni ó fà símú. Ọsibítù ni wọ́n gbé e lọ, pẹ̀lú èémí tí kò já gaara. Iná kì í ba oró yìí jẹ́. Ó kàn ń gbé e sókè sínú afẹ́fẹ́ ni. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, nítòsí wa níbí, ní abúlé Steventon ní Oxfordshire, ìdílé kan gbé iyùn jáde láti inú àpótí wọn láti fọ̀ ọ́. Ènìyàn mẹ́fà nínú ilé náà dé ọsibítù, àti mẹ́rin nínú àwọn panápaná tí ó wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Gbogbo wọn yè é, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọlọ́pàá ti òpópónà náà pa.

Mo sọ èyí tán, ọ̀rẹ́ mi kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyàwó rẹ̀, tí ó wà ní ilé ìdáná tí mo rò pé kò gbọ́, jáde wá, ó sì gbé kẹ́tùrù kúrò lórí iná.

Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa ní, bí ẹ bá rí ohun tí ẹ kò mọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyùn yín, ẹ kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ níbi tí ó wà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì bi ẹni tí ó mọ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò ní ewu. Kànrìnkàn ni òmíràn, aràn onílé ni òmíràn, wọn kò sì ṣe ju pé wọ́n ń jẹ ìdọ̀tí lọ. Òmíràn ni Aiptasia, tí ó rí bí igi ọ̀pẹ tí a lè rí òdìkejì ara rẹ̀; èyí ń ta iyùn, bí ẹ bá sì gé e wẹ́wẹ́, ègé kọ̀ọ̀kan á di tuntun, nítorí náà kì í ṣe ohun fífà tu. Edé kékeré kan wà tí ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ bọ́tìnnì onírun, ẹ má ṣe ha á, ẹ má ṣe sè é, ẹ má ṣe gbé e sí abẹ́ ẹ̀rọ omi tí ń tú yàà, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé tàbí ajá sún mọ́ ọn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ ọ̀rá àti ohun tí ó bo ojú, nítorí ibi ọgbẹ́ àti ojú ni ó ń gbà wọlé kíákíá. Ẹ gbé gbogbo òkúta náà pẹ̀lú omi rẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí láìjẹ́ kí ó gbẹ. Bí ara ẹnikẹ́ni bá sì ń gbọ̀n, tí èémí rẹ̀ ń ṣe wuuru, tí ẹnu rẹ̀ ń korò bí irin lẹ́yìn tí ó ti fọwọ́ kan àpótí, kí ó sọ fún dókítà pé iyùn ni òun ń fọ̀. Dókítà kò ní ronú kàn án fúnra rẹ̀; ibà ni yóò rò.

Ọ̀rẹ́ mi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà lọ sí ibi tí ó ti ra òkúta. Olùtà wò ó, ó ní Palythoa ni lóòótọ́, ó sì fi kún un pé bí ó bá jẹ́ aláwọ̀ ewé ni, òun ìbá rà á lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kò mọ ohun tí yóò fi èsì. Ó fi òkúta sílẹ̀ níbẹ̀. Àpótí ṣì wà ní pálọ̀, ìbọ̀wọ́ méjì sì so kọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ báyìí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan náà ni ọmọkùnrin rẹ̀ pe ìyá bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde lórí fóònù. Ó ní, "Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé iyùn ọrùn yín ní ẹnu tẹ́lẹ̀?"

Ìyá ní, "Ó yẹ kí ó ti jẹun yó kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti ń wọ̀ ọ́, kò bèèrè oúnjẹ lọ́wọ́ mi rí."